Ta ló ń tọ́jú ìwé owó Bitcoin, ta ló sì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀?

Bàbá mi ṣe akọ̀wé báńkì fún ọdún 31 kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, títí di òní olónìí, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ owó létí wọn, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà tí kò ní báńkì kankan, fún wọn lásìkò ọdún Àjíǹde, wọn kò bi mí ní iye tí wọ́n ń tà á. Ohun tí wọ́n wí ni pé, "Ta ló ń tọ́jú ìwé owó náà? Ta ló sì ń san owó oṣù ẹni yẹn?" Mo kọ́kọ́ rò pé ìbéèrè méjì ni. Ibi tí mo ti ń wá èsì tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn ni mo ti rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni, nítorí pé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ìwé Bitcoin náà gan-an ni iṣẹ́ tó ń bí owó tuntun.

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto ló gbé àlàyé ètò náà jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ (ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé owó náà) sì wáyé ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009. Inú búlọ́ọ̀kù yẹn ni ó kọ àkọlé ìròyìn ìwé ìròyìn The Times ti ọjọ́ náà sí, èyí tó sọ pé ìjọba Bìrìtìkó ti fẹ́ kó owó ìdóòlà ẹlẹ́ẹ̀kejì fún àwọn báńkì. Bàbá mi mi orí nígbà tí mo ka ìyẹn fún wọn.

Ojú ewé kan nínú ìwé owó náà ni búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àwọn ìsanwó ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní orí kan tí kò ju báìtì 80 lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n wà. Nínú orí yìí ni a ti ń rí hash búlọ́ọ̀kù tó ṣáájú, hash kan ṣoṣo tó dúró fún gbogbo ìsanwó inú rẹ̀, àkókò, ìwọ̀n ìnira iṣẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yà ètò náà àti nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní nonce. Hash ni nọ́ńbà gígùn tí ìṣirò SHA-256 máa ń mú jáde láti inú àkọsílẹ̀ yòówù: bí o bá yí àmì kan ṣoṣo padà nínú àkọsílẹ̀ náà, nọ́ńbà mìíràn pátápátá ni yóò jáde, kò sì sí ẹni tó lè ti inú nọ́ńbà náà padà sínú àkọsílẹ̀. Nítorí pé orí kọ̀ọ̀kan gbé hash èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó bá fọwọ́ kan ojú ewé àtijọ́ ti ba gbogbo ojú ewé tó tẹ̀ lé e jẹ́, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà kò ṣe lè yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ògiri kí ti òkè má yẹ̀.

Ohun tó ya bàbá mi lẹ́nu jù ni pé kò sí àkáǹtì oníbàárà kankan nínú ìwé yìí. Owó tí ẹnì kan ti gbà tí kò tíì ná nìkan ló wà níbẹ̀, a sì fi kọ́kọ́rọ́ ẹni tó ni ín ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa. Bí mo bá ní bitcoin 5 tí mo gbà lẹ́ẹ̀kan náà, tí mo sì fẹ́ san 2 fún ọ, odindi 5 náà ni mo máa gbé kalẹ̀, 2 á lọ sọ́dọ̀ rẹ, ṣéńjì á sì padà sọ́dọ̀ mi. Bí ṣéńjì tí mo kọ fún ara mi bá dín díẹ̀ sí 3, owó tó ṣẹ́ kù yẹn ni owó iṣẹ́ ẹni tó bá kọ ìsanwó náà sínú búlọ́ọ̀kù.

Ta wá ni onítọ̀hún? Awakùsà ni, ìyẹn ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná rẹ̀ díje láti kọ ojú ewé tó kàn. Òfin rẹ̀ ni pé hash orí búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ kéré sí iye kan tí ètò náà ti là sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú, àfi kí ẹ̀rọ máa dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀kan yóò fi bọ́ sí i. Adam Back ti dábàá irú ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1997 láti fi dènà lẹ́tà íméèlì tí a kò béèrè fún. Nonce kò lè gbà ju nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin nọ́ńbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ òde òní ń dán ohun tó ju tirílíọ̀nù 100 wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kí a tó ṣẹ́jú ni nonce ti tán, ẹ̀rọ á sì máa yí nǹkan padà nínú ìsanwó àkọ́kọ́ inú búlọ́ọ̀kù kí ó lè tún bẹ̀rẹ̀. Wíwá rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ lásán lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bí iye owó góòlù bá gòkè, àwọn tó ń wà á á pọ̀ sí i, góòlù á sì pọ̀ lọ́jà. Bitcoin kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù 2016 kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ètò náà máa ń wo iye àkókò tí iṣẹ́ gbà. Bí búlọ́ọ̀kù bá ń yára jáde ju ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìnira á le sí i. Bí ó bá ń falẹ̀, ìnira á dẹ̀. Ní ọdún 2021, nígbà tí ìjọba Ṣáínà lé àwọn awakùsà kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ kú lójijì, àlàfo búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì sì fẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, ìnira já wálẹ̀ ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún láìsí ẹni tó pàṣẹ fún un, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi dùn nígbà tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń tẹ ojú fóònù látàárọ̀ dalẹ́, tí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé kùsà ni wọ́n ń wà. Fífi ìka tẹ fóònù kò ní ẹ̀rí iṣẹ́ kankan nínú.

Owó tuntun ń wọlé sínú ayé nípasẹ̀ ìsanwó àkọ́kọ́ inú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, èyí tí awakùsà kọ fún ara rẹ̀. Ní ọdún 2009, bitcoin 50 ni. Lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù 210,000 kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́rin, wọ́n á pín in sí méjì: ó di 25 ní ọdún 2012, 12.5 ní 2016, 6.25 ní 2020, àti 3.125 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Bàbá mi mú bírò, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fúnra wọn: ìpele àkọ́kọ́ mú mílíọ̀nù 10.5 wá, èkejì mú ìdajì rẹ̀ wá, ẹ̀kẹta mú ìdajì ìdajì náà, bí a bá sì ń ro ó pọ̀ báyìí kò lè kọjá mílíọ̀nù 21 láéláé. Nítorí pé bitcoin kan kò ṣe é pín ju ọ̀nà mílíọ̀nù 100 lọ, pípín sí méjì yìí yóò dópin ní nǹkan bí ọdún 2140.

"Kí ló wá ń dá awakùsà dúró tí kò fi lè kọ 50 fún ara rẹ̀ lónìí?" Ìbéèrè akọ̀wé báńkì nìyẹn lóòótọ́. Awakùsà kọ́ ni ọ̀gá ìwé náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yẹ gbogbo òfin wò fúnra rẹ̀. Bí awakùsà bá fi satoshi kan ṣoṣo, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù 100 bitcoin kan, lé owó rẹ̀, wọn yóò kọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sílẹ̀, iná tó ti jó á sì lọ lófo. Kódà ẹni tó ṣe é dáadáa kò lè ná owó tuntun náà títí búlọ́ọ̀kù 100 mìíràn yóò fi tẹ̀ lé tirẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2010, ẹnì kan rí àṣìṣe kan nínú ètò náà, ó sì dá ohun tó ju bílíọ̀nù 184 bitcoin sílẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù 74638. Láàárín wákàtí mélòó kan, Satoshi ti tún ètò náà ṣe, àwọn tó gbà á sì kọ ẹ̀wọ̀n (àwọn búlọ́ọ̀kù tó so mọ́ra) tó ní búlọ́ọ̀kù yẹn sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ òmíràn lọ títí iṣẹ́ inú tiwọn fi borí.

Àwọn tó ń bínú sí iná tí Bitcoin ń jó kò purọ́. Iná náà pọ̀ gan-an ni. Èrò tèmi ni pé iná náà ni ògiri ìwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ yí ojú ewé àná padà ní láti tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe, kí ó sì sáré kọjá gbogbo ayé tó ń bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Níbi tí iṣẹ́ bá kéré, ó ṣeé ṣe: wọ́n tún ìtàn ẹ̀wọ̀n Ethereum Classic, owó orí kọ̀ǹpútà mìíràn, kọ ní ọdún 2019, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rù tèmi wà. Bí owó tuntun ṣe ń dín kù, owó iṣẹ́ tí àwọn tó ń sanwó fi sílẹ̀ ni yóò máa bọ́ ògiri náà, ààyè inú búlọ́ọ̀kù sì ní ìwọ̀n, débi pé ẹni tó bá fi owó iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ní búlọ́ọ̀kù 840,000, níbi tí pípín sí méjì ti ọdún 2024 ti wáyé, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jà láti wọ inú rẹ̀, owó iṣẹ́ ju bitcoin 37 lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó tuntun kò ju 3.125. Ọjọ́ kan péré nìyẹn o. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, owó iṣẹ́ kì í tó ohun tí a fi ń san iná. Bàbá mi ní kò sí akọ̀wé tí yóò fi ṣéńjì ọjọ́ ọdún gbọ́ bùkátà ọdún kan, n kò sì rí èsì fún wọn. Ní búlọ́ọ̀kù 1,050,000, tó yẹ kó wáyé ní ọdún 2028, owó tuntun yóò di 1.5625. A ti fẹnu kò sí i pé a jọ máa jókòó wo iye owó iṣẹ́ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà wọn.