Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára òdo tí Alhaja rí lójú fóònù rẹ̀

Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí, àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá rántí ojú Alhaja. Ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ìpàta, níhìn-ín ní Ìlọrin, ni a wà, tí mo fẹ́ fi áàpù tí mo kọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn hàn án. Ó tẹ ibi tí mo kọ "Owó mi" sí, ₦0 sì jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó ti ń dá owó náà. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún, ó tún wo fóònù náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti kó o ni?" Àwọn aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dákẹ́ lọ gbári. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Owó náà kò lọ síbì kankan. Server, kọ̀ǹpútà tí áàpù náà ti ń béèrè iye owó, ló fi 503 dáhùn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ pé kò lè ṣe iṣẹ́ náà lásìkò yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tún un ṣe.

Kì í ṣe pé n kò dán iṣẹ́ mi wò o. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é nígbà tí dátà wọ́n: a ó kọ ìdáhùn àtọwọ́dá sínú fáìlì JSON (ọ̀nà ìkọ dátà tí áàpù àti server fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), a ó fi page.route ti Playwright, irinṣẹ́ tí a fi ń dán áàpù wò, dá ìbéèrè áàpù dúró lọ́nà, a ó sì fi ìdáhùn tiwa lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 200, nọ́ńbà tó ń sọ pé ohun gbogbo lọ dáadáa, ni gbogbo ìdáhùn tí mo ṣe, gbogbo wọn ló pé, tó sì yá.

Nítorí náà, ẹ ṣe àdàkọ ìkùnà pẹ̀lú: 500 (àṣìṣe nínú server fúnra rẹ̀), 503, 401 nígbà tí àkókò ìwọlé bá ti kọjá, àkójọ tó ṣófo, ìdáhùn tó pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú àáyá, àti ojú ewé HTML níbi tí a ti ń retí JSON. Fetch, àṣẹ tí áàpù fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ server, kì í ka 503 sí àṣìṣe. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ló tó kọ̀, àwa fúnra wa ni a gbọ́dọ̀ yẹ response.ok, tó ń sọ bóyá ìbéèrè náà yọrí sí rere, wò. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. JSON tó bá 503 náà wá kò ní iye owó nínú, èmi sì ti kọ ọ́ pé bí kò bá sí iye, kí ó fi òdo síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ẹ wo ìdáhùn tí server gan-an fúnni kí ẹ tó kọ ti àtọwọ́dá, kí ẹ sì yọ orúkọ àwọn ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́: owó tí a kò rí kà kì í ṣe òdo. "A kò tíì rí owó yín kà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún gbìyànjú" ni ó hàn níbẹ̀ báyìí, ìdánwò 503 lórí "Owó mi" ni mo sì ń kọ́kọ́ ṣe kí n tó gbé ohunkóhun síta.