Ta ló máa sọ̀rọ̀ nínú wọn?

Sátidé, 14 Oṣù Kejìlá 2024. Leeds.

Irun ni mo lọ ṣe lónìí, ọ̀rọ̀ Kemi Badenoch ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, Yorùbá méjì ò lè pàdé ní ìlú yìí kí wọ́n má dá a sílẹ̀. Ọmọ Adégòkè ni, London ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí, oṣù tó kọjá ló sì di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nílùú Ọba níbí. Ó sọ fún oníròyìn pé ńṣe ni ọlọ́pàá Nàìjíríà máa ń ja àwọn lólè, pé wọ́n gba bàtà àti aago lọ́wọ́ arákùnrin òun, àti pé ohun tí ojú òun rí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìlú Ọba dára ju ìyẹn lọ. Ni Shettima, igbákejì Ààrẹ wa, bá fún un lésì pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ Kẹ́mi kúrò lára orúkọ rẹ̀ tó bá wù ú. Agbẹnusọ Badenoch tún fèsì pé iṣẹ́ ọ̀gá òun kọ́ ni láti máa polówó Nàìjíríà.

Àǹtí Ronkẹ́ tó ń ṣe irun mi ń sọ̀rọ̀, ó ń fa irun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná lẹ́nu ẹ̀ ni orí mi ń gbóná. "Ṣé irọ́ ló pa ni? Ẹ wí!" Bàbá kan tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀, ará Èkìtì, ní kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àǹtí Ronkẹ́ ò jẹ́ kó délẹ̀: "Tí ilé baba náà bá ń jóná ńkọ́, sà? Ọwọ́ wo lẹ máa fi júwe ẹ̀ fún panápaná?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àti bàbá náà.

Kò sí ẹni tí kò ní ìtàn ọlọ́pàá tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tèmi ni ti Dàpọ̀, àbúrò mi. Ọdún 2019 ni, kí n tó kúrò nílé. Wọ́n já a bọ́ sílẹ̀ nínú máruwá n'Íbàdàn torí pé ó gbé láptọ́ọ̀pù dání, ó sì dá irun sí. Wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Nígbà tí èmi àti Màmá dé tẹ́ṣàn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni ọ̀gá wọn jókòó sí tó fi ní ká lọ mú ₦70,000 wá. Màmá ní òun ò kó owó dání. Ọ̀gá ò bínú rárá. Ó kàn nawọ́ sí ẹnu géètì, níbi tí ọmọbìnrin kan fi agboòrùn borí, tó gbé ẹ̀rọ POS sórí itan. Ọmọ yẹn ò tilẹ̀ bi wá pé èló la fẹ́ gbà. "Ti bélì ni, àbí?" ló wí, ó sì yọ owó iṣẹ́ tiẹ̀ sórí.

Torí náà, Badenoch ò purọ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wọ máruwá pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù.

Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdajì tó kù ló wà nínú odò Aire tó gba àárín Leeds kọjá yìí. David Olúwálé, ọmọ Èkó, sá wọ ọkọ̀ ẹrù kan lọ́dún 1949, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 19 lọ, ó sì gúnlẹ̀ sí Hull. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn wà nígbà yẹn, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 28 ni wọ́n fi kí i káàbọ̀. Ó wá sí Leeds, ó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1953, ọ̀rọ̀ òun àti ọlọ́pàá gbé e dé ẹ̀wọ̀n, láti ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Menston, tó lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò rí ilé gbé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Sájẹ́ǹtì Kenneth Kitching àti Ìsípẹ́kítọ̀ Geoffrey Ellerker wá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń ṣeré lóru. Wọ́n á wá a kàn níbi tó sùn sí, wọ́n á lù ú, wọ́n á tọ̀ sí i lára, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lọ já sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́ sí, èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oṣù Kẹrin 1969 ni wọ́n rí i kẹ́yìn. Ní 4 Oṣù Karùn-ún, wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò, wọ́n sì sin ín sí ibojì àwọn aláìní, òun àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1949 tí Olúwálé dé ìlú Ọba yìí, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan ló kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn awa-èédú ní Iva Valley, Enugu, tí wọ́n sì yìnbọn fún wọn. Èèyàn 21 ló kú. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwa la jókòó, tá a dá ọlọ́pàá ayìnbọn-fún-ará-ìlú sílẹ̀ fúnra wa. A jogún ẹ̀ ni. Pé a ò tíì jù ú nù lẹ́yìn ọdún tó ju 60 lọ, ẹjọ́ tiwa nìyẹn.

Leeds ti ń bẹ Olúwálé báyìí. Lóṣù Kẹrin 2022 wọ́n fi àmì ìrántí aláwọ̀ búlúù sára Afárá Leeds. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn kan jí i lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tuntun kan, Yinka Shonibare sì gbẹ́ ère òdòdó ńlá kan tó lárà bí àǹkárá, tó ga ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Mo fẹ́ràn ère náà. Àwọn ọmọ òyìnbó máa ń sá yí i ká, wọn ò mọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá méjèèjì kọlu ara wọn lórí mi. Ẹnì kan ti gún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta pa ní Southport níparí Oṣù Keje. Irọ́ wá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé Mùsùlùmí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wọlé ni, bẹ́ẹ̀ Cardiff, nílùú Ọba níbí, ni wọ́n bí apànìyàn náà sí. Làwọn jàǹdùkú bá dà síta. Ní 3 Oṣù Kẹjọ, Hull gbiná, Hull tí Olúwálé gúnlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, ní Rotherham tí kò jìnnà sí wa, wọ́n fẹ́ dáná sun òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ààbò wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù yẹn kan náà sì ni ìwọ́de ebi bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Màmá pè mí láti Ìbàdàn: "Má jáde o, mo ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wá aláwọ̀ dúdú kiri." Èmi náà ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti géètì mọ́ Dàpọ̀, kó má lọ ibì kankan." Dàpọ̀ wà lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ká pààrọ̀ ìlú ni.

Mo jáde ṣá, torí pé iṣẹ́ òru ò mọ rògbòdìyàn. Ìyá arúgbó kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, kò lè sùn, ó ń wo ìròyìn. Ó bi mí pé ibo nìyẹn. Mo ní Rotherham ni. Ó dákẹ́, ó tún wò ó dáadáa, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, pé iléeṣẹ́ irin ni ọkọ òun ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ní kí wọ́n máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun pa á. Kò sọ̀rọ̀ kan nípa èmi tàbí àwọ̀ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa lọ láàárọ̀, ó bi mí pé ta ló ń bọ̀ wá gbé mi.

Ọlọ́pàá tó ju 50 ló ṣèṣe ní Rotherham lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé wọ́n dúró sáàárín jàǹdùkú àti àwọn àlejò. Nílé, àwọn ọlọ́pàá ló ń yìnbọn fún ẹni tí ebi ń pa. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Amnesty ní ó kéré tán èèyàn 24 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn ní Kano. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá ni wọ́n wá kó àwọn ọmọdé tí wọ́n mú níbi ìwọ́de náà lọ sílé-ẹjọ́ ní Abuja, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Mo wo fídíò yẹn ní ilé ìdáná ibi iṣẹ́. Àwọn ọmọ ọ̀hún rù kan egungun, wọ́n ń ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Lọ́jọ́ náà, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ di Badenoch.

Àwọn ọlọ́pàá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló jogún iṣẹ́ Kitching, mi ò gbàgbé ìyẹn. Mi ò rò pé ọkàn wọn ló dára ju ti tiwa lọ. Ohun tí mo rí ni pé nígbà kan, ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú wọn. Gary Galvin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá, gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ nípa Olúwálé lábẹ́lẹ̀, ó sì lọ sọ ọ́ lọ́dún 1970, nígbà tí ayé ti gbàgbé òkú náà. London rán olùwádìí wá, wọ́n hú òkú jáde, wọ́n gbé ọlọ́pàá méjèèjì lọ sílé-ẹjọ́ lọ́dún 1971. Kì í ṣe pé ẹjọ́ ọ̀hún dùn mọ́ ni o! Adájọ́ ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fa ikú rẹ̀, òkú ọlọ́kùú ló sì ń bú ní ìdọ̀tí ọmọ àsùnta. Lórí lílù tí wọ́n lù ú nìkan ni wọ́n ti jẹ̀bi: ọdún mẹ́ta fún Ellerker, oṣù 27 fún Kitching. Ṣùgbọ́n a mọ orúkọ wọn. Bákan náà, lóṣù Kẹwàá yìí, wọ́n dá ọlọ́pàá tó yìnbọn pa Chris Kaba, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní London láre. Èèyàn lè jiyàn lórí ẹjọ́ yẹn dọ̀la, ṣùgbọ́n ó dé iwájú adájọ́, a sì mọ ẹni tó fa ìbọn.

Ta ló pàṣẹ pé kí àwọn ṣọ́jà yìnbọn fún àwọn tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS, tí wọ́n fi ń tako ìwà ìkà ọlọ́pàá, ní Lekki ní 20 Oṣù Kẹwàá 2020? Ìgbìmọ̀ Adájọ́bìnrin Doris Okuwobi jókòó fún ọdún kan gbáko, wọ́n gbé àbọ̀ wọn fún ìjọba Èkó ní Oṣù Kọkànlá 2021, pé wọ́n pa èèyàn níbẹ̀. Oṣù yẹn ò tíì parí tí ìjọba fi kọ̀ ọ́. Lọ́dún 2023, lẹ́tà kan jáde pé ìjọba Èkó ti fọwọ́ sí ₦61,285,000 láti fi sin òkú 103 láti ìgbà EndSARS. Wọ́n gbà pé lẹ́tà tiwọn ni, wọ́n ní ṣùgbọ́n òkú Lekki kọ́, káàkiri Èkó ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ. Ó dáa. Kí lorúkọ wọn? Ọmọ ta ni wọ́n? Ìbọn ta ló pa èyí tí ìbọn pa nínú wọn? Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi lóṣù Keje yìí, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì méjì náírà fún àwọn mẹ́ta tó pẹjọ́. Kò sí ọmọ bárékè kankan tó tíì yọjú pé èmi wà níbẹ̀, báyìí ni wọ́n ṣe wí fún wa.

Mo rò ó títí lálẹ́ yìí, ni mo bá pe ilé. Bàbá Ṣọlá tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu géètì wa ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò tó ra àpò ìrẹsì kan lóṣù. Ó fúnra ẹ̀ ló ra bàtà àti aṣọ tó fi ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Mo ní kí Dàpọ̀ gbé fóònù fún un.

"Ẹ káalẹ́, sà."

"Káalẹ́, ọmọ mi. Ṣé òtútù ò gbé yín lọ?"

Mo bi í bóyá ó rí ọlọ́pàá tó tú àṣírí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Ó ní ọ̀kan ni òun rí. Kọ́ńsítébù kan ló sọ ẹni tó yìnbọn fún ọlọ́kadà kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí Maiduguri. Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Lọ́dún 2020, ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

Mo dúró dè é. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Ṣọlá ń pè mí," ló wí, ó sì dá fóònù padà fún Dàpọ̀.

Dàpọ̀ ní ṣé kí òun lọ bá a lọ́la, kí òun fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, torí ó dà bí ẹni pé ó mọ nǹkan. Mo ní kó má dán an wò. Ó ní ṣebí èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ní kó pa fóònù, kó lọ sùn.