Oje igi kajú: ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó yìn ín

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé igi kajú òun ń mú oje wá gan-an, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: tútù lẹ wọ̀n ọ́n àbí gbígbẹ? Omi ló kún inú oje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n láàárọ̀ tí ìrì sẹ̀, ìrì lẹ wọ̀n yẹn.

Gum arabic, ìyẹn oje igi gbígbẹ tí wọ́n ń kọ E414 fún lára ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, igi ẹlẹ́gùn-ún ìhà Borno, Yobe àti Jigawa ni wọ́n ti ń kó o nílẹ̀ yìí. Ní Mẹ́síkò, igi mesquite ló ń sun èyí tó jọ ọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn igi yẹn ń fẹ́, òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti pọ̀ jù fún wọn. Kajú làwa ní, lọ́nà Ifẹ̀wàrà níbí.

Igi kì í dédé sun oje. Ojú ọgbẹ́ ló ń fi dí, kí kòkòrò má baà ráyè wọlé. Bàbá tí oko wọn bá tiwa pààlà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, fi àdá ṣá a wọlé dáadáa, wàá rí oje!" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, èèpo nìkan ni màá bó." Àwọn ará Sudan náà ti ń fi irin kan tí wọ́n ń pè ní sonki ya èèpo díẹ̀ dípò àáké, torí àáké ń pa igi lára. Bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ń kó àkọ́kọ́. Oògùn kan tún wà, ethephon, tí àwọn olóko rọ́bà ń lò kí oje má tètè dá. Ní Íńdíà, wọ́n ń lu ihò sára igi, wọ́n á rọ ọ́ sí i. Mi ò fi sí kajú mi o. Igi tí mò ń jẹ èso rẹ̀ ni.

Ọ̀dà funfun ni mo kùn sára èyí tí mo bó, pupa sára ẹnìkejì rẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn. Okùn télọ̀ ni mo fi wọn ìdí méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba. Igi kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rá tí mò ń kó oje tirẹ̀ sí. Oje náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èèpo á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Èékánná ni mo fi ń já a kúrò. Màá wá tẹ́ ẹ sórí asẹ́ lábẹ́ ibòji, títí tó fi máa gbẹ débi pé tá a bá jù ú sínú abọ́ tánganran, á dún kan-kan-kan. Ìgbà yẹn ni òṣùwọ̀n tó kàn. Ẹ má da ti gbogbo igi pọ̀ o, torí òmíràn wà tẹ́ ẹ máa bó tí kò ní sun nǹkan kan.

Síbẹ̀, èrè ò tíì dé. Ó di ìgbà tí kajú bá ń já, láti oṣù kejì lọ, tí mo bá wọn èso igi ọlọ́dà funfun àti ti ọlọ́dà pupa. Bí ti ọlọ́dà funfun bá fi dín púpọ̀, ọ̀bẹ mi ò tún ní kan igi yẹn mọ́, bó ti wù kí oje rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tó bá ní kajú ní agbègbè wa, ẹ jẹ́ ká jọ máa kọ tiwa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí, oje àti èso.