Ṣéènì tímìn 1ZZ-FE: títo káàmù méjèèjì kí ìdérí tó padà sójú rẹ̀

Ẹ́ńjìnì tó wà lórí iṣẹ́ ni 1ZZ-FE oní 1.8 lítà, irú èyí tó wà nínú Toyota Corolla 2003 sí 2008. Ṣéènì tímìn ló so kíráńkì, ọ̀pá tí pístìnì ń yí, mọ́ káàmù méjèèjì, àwọn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ibi tí iṣẹ́ dé: ìdérí ṣéènì, wọ́tà pọ́ọ̀mpù àti síìtì ẹ́ńjìnì ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀lì ti kúrò. Jáàkì ló gbé ẹ́ńjìnì dúró, pákó sì wà láàárín òun àti ọpọ́n ọ́ìlì kí ọpọ́n má bàa tẹ̀. Plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, kí kíráńkì lè rọrùn láti fi ọwọ́ yí.

A wọn ṣéènì àtijọ́ kó tó di pé a jù ú nù. Ẹ fà á kó le dáadáa, kí ẹ fi kálípà wọn lìnkì 16, ó kéré tán ní ibi mẹ́ta. Bó bá kọjá 122.7 mm, ó ti fà. Gíà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹ wé ṣéènì mọ́ ọn, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí dé etí. Ti káàmù kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 97.3 mm, ti kíráńkì kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 51.6 mm. Àwọn tó ń ra ṣéènì tuntun sórí gíà tó ti jẹ, owó wọn ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ṣéènì náà kò ní pẹ́ bà jẹ́.

Ó wá kan títo gan-an. Kọ́kọ́rọ́ ara kíráńkì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Lójú gíà káàmù méjèèjì, àmì kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, ní ìbámu pẹ̀lú ojú ibi tí ìdérí fáàfù máa ń jókòó lé. Ẹ má fi ojú nìkan wò ó láti òkè, nítorí ojú máa ń tan èèyàn níbẹ̀. Ẹ gbé rúlà irin lé e. Bí ṣéènì bá ṣì wà lórí gíà tí àwọn àmì náà kọ ẹ̀yìn síra wọn, kò sí ohun tó bà jẹ́: ẹ yí kíráńkì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kíráńkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tí ṣéènì bá kúrò ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì fáàfù ń ti káàmù, káàmù á sì fò kúrò lójú àmì. Ibi onígun mẹ́fà tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi sípánà dì mú, kì í ṣe ibi tó ń tẹ fáàfù. Bó bá pọn dandan kó yí púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ dá kíráńkì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí pístìnì kankan má bàa wà lókè pátápátá. Bó bá sì kọ̀ tó dúró gbọn-in, ẹ má fipá mú un. Ó ṣeé ṣe kí fáàfù ti kan pístìnì.

Gíà VVT-i (èyí tó ń yí àkókò ṣíṣí fáàfù padà) ti káàmù afẹ́fẹ́: bóòtù àárín nìkan là ń tú, 54 Nm (ìwọ̀n agbára dídì) la sì fi ń dì í padà. Bóòtù kéékèèké mẹ́rin tó yí i ká kì í ṣe tiwa. Ẹ fi ọwọ́ mi gíà náà lórí káàmù. Bó bá ń mì, pín inú rẹ̀ kò tíì tì, irọ́ sì ni àmì tí ẹ ń wò.

Ṣéènì tuntun ní lìnkì mẹ́ta tó ní àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó dá wà ni ti kíráńkì, méjì tó sún mọ́ra ni ti káàmù. Bí ẹ bá dojú kọ ẹ́ńjìnì láti ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀lì, ṣéènì lọ́wọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ le gban-an, kí gbogbo rírọ̀ wà lọ́wọ́ òsì níbi tí apá tẹ́ńṣánà (ohun tó ń mú ṣéènì le) ń tì. Ẹ fi ọwọ́ ti apá náà kí ẹ tó dájọ́ pé àmì bára mu, torí rírọ̀ ṣéènì lè mú kó dà bíi pé ó yẹ̀ ní ìdajì eyín. Eyín kan gbáko ni ó burú. Gíà káàmù ní eyín 36, eyín kan jẹ́ ìwọ̀n 10° lórí káàmù, ìyẹn 20° lórí kíráńkì. Ẹ́ńjìnì lè dáná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n, kò ní lágbára, skánà á sì gbé kóòdù àṣìṣe P0016 jáde, tàbí P1346 lára àwọn tó dàgbà díẹ̀.

Kí ìdérí tó wọlé, abọ́ sẹ́ńsọ̀ kíráńkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí lẹ́tà F rẹ̀ kọjú síta. Bí wọ́n bá yí i sódì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa tún tú. Bóòtù pọ́ọ̀lì gba 138 Nm. Tẹ́ńṣánà ló kẹ́yìn: ẹ tẹ orí rẹ̀ wọlé, ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ há a, ẹ fi rọ́bà róbótó tuntun sí i, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní 9 Nm. Ẹ wá yí kíráńkì díẹ̀ sódì kí ìkọ́ náà lè tú, kí ẹ tó yí i síwájú. A ń wo inú láti òkè bóyá orí tẹ́ńṣánà ti jáde wá ti apá rẹ̀.

Lẹ́yìn yíyí méjì, àmì pọ́ọ̀lì gbọ́dọ̀ wà lórí 0, kí ti káàmù padà sórí ìlà. Àwọn lìnkì ìyeyè kò ní padà síbi tí wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yẹ kó rí. Wọn kò wúlò mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbé ṣéènì sórí.

Iṣẹ́ tó kù: síìtì, bẹ́líìtì, omi, ọ́ìlì. A ó yọ fíúsì EFI (ti ẹ̀rọ tó ń fún epo), ká fi sítátà yí ẹ́ńjìnì títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, torí ọ́ìlì ló ń ti tẹ́ńṣánà jáde. Bí ṣéènì bá pariwo níṣẹ̀ẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí a bá dáná, kò burú. Bí ariwo kò bá lọ, ká pa á, ká tún tú tẹ́ńṣánà wò.