Kọ́tíláàsì Tí Mo Fẹ́ Rà ní Birmingham

Igbó ẹ̀yìnkùlé wa ló fa gbogbo wàhálà yìí. Òjò Birmingham ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹfà, ẹ̀gún ti gun ògiri kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyàwó mi ní tí mi ò bá ṣán an lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, òun á pe Màámi lórí fídíò kí wọ́n wá wo oko tí ọmọ wọn dá sí Ìlú Ọba.

Mo gba ilé ìtajà ńlá kan lọ, àwọn tó ń ta ohun gbogbo, látorí òdòdó dórí ohun ìṣeré ọmọdé. Bàbá òyìnbó kan ló dá mi lóhùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kọ́tíláàsì ni mo fẹ́ rà.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ti ọmọdé àbí ti àgbàlagbà?”

Èmi rò pé bí èkù rẹ̀ ṣe máa gùn tó ló ń bi mí. Mo ní èmi gan-an ni mo fẹ́ lò ó, kó ṣáà ti mú dáadáa.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ gé gbogbo wọn kanlẹ̀ kí ìyàwó mi tó dé.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni òfin wọn ti gbẹ́sẹ̀ lé irú àwọn àdá kan tí àwọn ọmọ ìta ń gbé kiri. Bàbá rọra fọwọ́ kan wọkí-tọkí tó wà níbàdí rẹ̀.

Ọlọ́run ló yọ mí. Bàbá ará Trinidad kan wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Ohun tá a fi ń gé ìrèké nílé ló ń wí! Kọ́tíláàsì làwa náà ń pè é.”

Ara bàbá òyìnbó wálẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, idà àwọn atukọ̀ àti olè orí òkun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé 1936 ni àwọn ológun ojú omi wọn tó yọ ọ́ kúrò lára ohun ìjà. Òun rò pé mo fẹ́ múra bí olè orí òkun fún ọjọ́ ìbí ọmọ ni.

Háà! Èmi tí wọ́n kọ “kọ́tíláàsì kan, ọkọ́ kan, ìgbálẹ̀ kan” sínú ìwé ìwọlé mi nílé ẹ̀kọ́ girama! Láti kékeré ni mo ti gbà pé “cut” àti “grass” ni ẹnu àwọn bàbá wa pa pọ̀.

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Coutelas ti àwọn Faransé ni wọ́n yí padà di cutlass. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gbọ́ ọ lódì láyé àtijọ́, wọ́n rò pé àáké wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì ń kọ ọ́ ní curtle-axe. Ara tèmi bá yá díẹ̀. Èdè Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀: cultellus, ọ̀bẹ kékeré, ọmọ culter, tó ń jẹ́ ọ̀bẹ, tó tún ń jẹ́ irin tó ń la ilẹ̀ níwájú ohun ìtúlẹ̀. Ẹ ò rí i pé inú oko ló ti wá kó tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi? Àwa la sìn ín padà sílé.

Mo gbàgbé láti sọ pé mo ra dòjé kan. Nítorí ìtìjú, mo tún mú idà oníke kan fún ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́fà.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tí ì tẹ èkù idà, kì í béèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tèmi tẹ èkù idà oníke lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì béèrè lójú ẹsẹ̀:

“Dádì, kí lẹ wá fẹ́ fi ṣán igbó?”

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé orí káńtà ni mo fi dòjé sí.