Ẹ kọ orúkọ ẹni tó rán ọmọ náà níṣẹ́ sínú statement

Ìyá ọmọ ò mọ̀wé, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ló bá ní kí n bá òun kọ statement ní tésàn. Orúkọ ọkùnrin tó ń bá ọmọ ẹ̀ lò pọ̀ nìkan ni mo kọ. Ọdún kẹfà rèé, ó ṣì ń dùn mí.

Ilé face-me-I-face-you la jọ ń gbé n'Íbàdàn. Ìyá kan ń ta mínírà àti píọ̀ wọ́tà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló máa ń pe ọmọ yẹn, ọmọ ọdún 11, pé "wá bá mi gbé mínírà yìí lọ fún bùrọ̀dá ní yàrá ẹ̀yìn". Tọ́mọ bá ti wọlé báyìí, Màmá á gbé àpótí sí kọ́rídọ̀, á máa bó ẹ̀gúsí, á yí rédíò sókè. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ọmọ yìí dà, ó ní "mo rán an níṣẹ́", kò tiẹ̀ gbójú sókè, èèpo ẹ̀gúsí kún gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìgbà tọ́rọ̀ bẹ́ la tó gbọ́ pé ó ń gbowó lọ́wọ́ bùrọ̀dá.

Wọ́n mú bùrọ̀dá. Nígbà tó kan Màmá, láńdílọ́ọ̀dù kó àwọn àgbà wá, wọ́n ní ó ti dàgbà, ó lọ́mọ ọmọ, kò ṣá fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ, èmi náà sì gbà fún wọn. Ìgbà tí ojú ìyá ọmọ wá là tó ní kí wọ́n mú Màmá náà, ọlọ́pàá bi wá pé kí ló dé tí ò sí nínú statement àkọ́kọ́. Bó ṣe bọ́ nìyẹn.

"Kò fọwọ́ kan ọmọ" yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ọmọ yẹn ń sá fún bùrọ̀dá tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ wọ yàrá ẹ̀ láéláé tó bá jẹ́ pé òun ló pè é. Àwa la kọ́ ọ pé tí àgbà bá rán ẹ níṣẹ́ kó o jẹ́ ẹ, ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ni Màmá gbé tà. Ṣebí wọ́n ní ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin gan-an mọ̀ ọ́n: abala 7 Criminal Code ní ẹni tó bá ran ọ̀daràn lọ́wọ́, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ bíi pé òun ló ṣe é, Child's Rights Act 2003 sì ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fáìnì tàn yín. Ní New York lọ́dún 2022, ẹ̀wọ̀n ọdún 20 ni wọ́n dá fún Ghislaine Maxwell tó ń bá Jeffrey Epstein, olówó kan ní Amẹ́ríkà, kó àwọn ọmọbìnrin tó ń bá ṣèṣekúṣe wá, Epstein ti kú sí àhámọ́ láti 2019. Àwọn lọ́yà Maxwell ní ẹ̀ṣẹ̀ olóògbé ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́ níyà, adájọ́ ní rárá o, èyí tóun fúnra ẹ̀ ṣe ni.

Tó bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má wẹ̀ fọ́mọ kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọsibítù. Ẹ wá rò ó dáadáa: ta ló rán an? Ta ló gbowó? Ta ló ní kó má sọ? Ẹ kọ gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, káwọn tó fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀ tó dé.

Màmá ṣì ń ta mínírà. Ìyá ọmọ ò rówó kó kúrò. Ọmọ ti wọ SS2, kì í gba ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣaláńgá ló ń gbà jáde, òjò ì báà máa rọ̀.