A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Koríko ni mo kọ́kọ́ rí ní Lidice, abúlé kan ní ilẹ̀ Czech. Koríko tútù yọ̀yọ̀, igi díẹ̀, ẹyẹ ń ké. Bọ́ọ̀sì tó gbé mi láti Prague kò pẹ́ lọ́nà rárá, nígbà tí mo sì bọ́ sílẹ̀, mo rò pé mo ti ṣìnà ni. Abúlé dà? Àṣé bí àwọn Násì ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Czechoslovakia kọ lu Reinhard Heydrich, ọ̀gá tí Jámánì fi ṣàkóso ibẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn Násì purọ́ mọ́ Lidice pé ó lọ́wọ́ sí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin 173 nínú ọgbà oko kan. Wọ́n kọ́kọ́ to tìmùtìmù sára ògiri kí ọta má baà ta padà bà àwọn tó ń yìn ín. Tìmùtìmù yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ẹni tó ń pa odidi abúlé, ó tún ń ṣọ́ra kí ara tirẹ̀ má bó!

Wọ́n sun ilé, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tilẹ̀ hú òkú nínú itẹ́. Àwọn obìnrin di èrò Ravensbrück, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ní Jámánì.

Àwọn ọmọ wà lórí òkè kékeré kan. Ère idẹ ni wọ́n, gbogbo wọn kọjú sí pápá òfìfo náà. Marie Uchytilová, obìnrin agbẹ́gilére tó ṣe wọ́n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1969, ó sì kú ní 1989 kí gbogbo wọn tó di idẹ. Ọkọ rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀. Ẹnìkan ti gbé ọmọlangidi kan sẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin tó wà níwájú, òjò ti rẹ ẹ́ gbindin.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àmọ́ mo kà wọ́n. Mo ṣìkà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jẹ́ 82, obìnrin 42, ọkùnrin 40, iye tí wọ́n fi gáàsì pa ní Chełmno, ní Poland. Àwọn ìyá wọn ti kà á ṣáájú mi: obìnrin 143 ló padà dé lẹ́yìn ogun, ọmọ 17 péré ni wọ́n rí gbà.

Wọ́n kọ́ Lidice tuntun sí tòsí ibẹ̀. Níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ìyá kan yọjú lójú fèrèsé, ó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ irú ìpè yẹn. Ọmọ náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá tún pè é. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dáhùn.